Ẹsẹ̀ Igi Méjìdínlógójì

Ẹlẹ́sẹ̀-igi ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé. Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yẹn nílé iṣẹ́ bàtà tó ti ń ṣiṣẹ́ á rọra bẹ abẹ́ tábìlì rẹ̀ wò, á rí ẹsẹ̀ gidi méjì nínú sílípáàsì rọ́bà, ojú á sì tì í. Obìnrin náà á ní, "Ó pé àbí kò pé? Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i." Kì í rẹ́rìn-ín tó bá ń sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, ọwọ́ rẹ̀ le bíi pákó, ẹnu rẹ̀ sì le ju ọwọ́ lọ.

Òun ló ń gbẹ́ ẹsẹ̀ igi tí wọ́n ń mọ bàtà lé. Àwọn tó ń wọ bàtà gogoro yan fanda kiri ìgboro ò mọ̀ pé kí bàtà náà tó kan ẹsẹ̀ wọn, igi kan ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ẹlẹ́sẹ̀-igi á fi ọ̀bẹ àti ìfági gbẹ́ igi títí yóò fi ní àtàǹpàkò, tí yóò fi ní kòtò abẹ́ ẹsẹ̀, tí yóò fi ní gìgísẹ̀. Aránbàtà, ọkùnrin tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á ran awọ. Wọ́n á rẹ awọ náà sómi, wọ́n á fi ẹ̀mú fà á bo ẹsẹ̀ igi, wọ́n á kan ìṣó mọ́ ọn yíká, wọ́n á sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kó gbẹ, kó gbàgbé pé òun ti jẹ́ nǹkan mìíràn rí. Lẹ́yìn náà ni irin pẹlẹbẹ kan á wọ abẹ́ rẹ̀, láti gìgísẹ̀ dé ìdí ìka. Irin yẹn ló ń gbé ènìyàn dúró; bí kò bá sí i, bàtà gogoro á ṣẹ́ sí méjì bíi bisikíìtì. Wọ́n á kan gìgísẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó lu igi jáde. Àyè tí igi bá fi sílẹ̀ ni ẹsẹ̀ ènìyàn máa gbà. Ibi tí igi ò bá dé, tí ẹsẹ̀ bá fi agídí dé ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà lórí àga yẹn. Ọ̀gá àgbà tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó ti dolóògbé báyìí, kì í wọn ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó. Ó ní irọ́ ni ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó ń pa. Ìgbà tí ara bá gun orí rẹ̀ ló ń tẹ́, tó ń gùn sí i, tó sì ń sọ òótọ́. Kì í sì í wọn ẹsẹ̀ láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin olówó kan gbé ẹsẹ̀ wá ní aago mẹ́sàn-án, bàbá náà ní kó padà sílé. "Ẹ lọ ṣe làálàá òòjọ́ yín ná. Tó bá wú, kẹ́ ẹ gbé e wá." Obìnrin náà pòṣé, ó yípadà, ó lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó padà wá, ó tiro díẹ̀, ó sì dúró lórí bébà bí wọ́n ṣe ní kó dúró, kí wọ́n lè fi pẹ́ńsùlù yípo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí bàbá náà tún ń tẹnu mọ́ ni pé gíga kọ̀ọ̀kan ló ní igi tirẹ̀. Igi tí wọ́n gbẹ́ fún gìgísẹ̀ íǹṣì méjì ò gbọdọ̀ ru ti íǹṣì mẹ́rin láé. Òfin kan sì wà níbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan: awọ jẹ́ ti ilé iṣẹ́, maṣíìnì jẹ́ ti ilé iṣẹ́, ìṣó títí dórí gọ́ọ̀mù jẹ́ ti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ igi jẹ́ ti ẹni tó gbẹ́ ẹ. Lójú gbogbo òṣìṣẹ́ ni bàbá náà ti sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú. Ìdí nìyẹn tí Ẹlẹ́sẹ̀-igi fi máa ń fi ọ̀bẹ fa ìlà méjì bíńtín sí ìsàlẹ̀ gìgísẹ̀ igi tirẹ̀. Bí wọ́n bá mọ bàtà lé igi náà, ìlà méjì yẹn á tẹ̀ sínú bàtà, lábẹ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ ń gbé. Àpapọ̀ ẹsẹ̀ igi tó ní jẹ́ méjìdínlógójì, ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́kàndínlógún, ẹsẹ̀ òsì mọ́kàndínlógún, gbogbo wọn jẹ́ ti íǹṣì méjì.

Bàbá kú. Ọmọ tó ń jẹ gúgúrú di ọ̀gá. Kíákíá ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Kíákíá wọlé, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. "Àǹtí, iṣẹ́ ńlá ti dé. Ilé ìtajà alájà mẹ́fà yẹn ló fẹ́ bàtà fáwọn ọmọbìnrin tó ń tajà fún wọn. Ọgọ́ta bàtà, dúdú, gogoro íǹṣì mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fún wa."

"Íǹṣì mẹ́rin?" Ẹlẹ́sẹ̀-igi ò tilẹ̀ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹ fún mi ní oṣù kan kí n gbẹ́ igi rẹ̀."

"Oṣù kan kẹ̀? Igi ńkọ́ lórí pẹpẹ yẹn?"

"Ti méjì nìyẹn."

"Kẹ́ ẹ lo ti méjì náà. Ẹ gbé gìgísẹ̀ mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀. Ká gé orí gìgísẹ̀ náà dagun díẹ̀, á jókòó. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹsẹ̀ máa mọ̀."

"Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń rà á, Àǹtí. Máníjà ni."

Obìnrin náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó dìde, ó fa àga rẹ̀ síta, ó mú bíríkì méjì tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn, ó fi wọ́n sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àga náà. "Ẹ jókòó, ọ̀gá. Ẹ jókòó síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́." Kíákíá ò jókòó. "Ẹ ò lè jókòó, àbí? Ṣe lẹ ó máa yọ̀ wá síwájú. Bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yẹn ṣe máa máa yọ̀ nìyẹn, gbogbo ìka wọn á kó jọ síwájú bí èrò tó há sẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò sí ibi tí gìgísẹ̀ wọn fẹ́ simi lé. Kódà irin abẹ́ rẹ̀ ò ní bá kòtò ẹsẹ̀ wọn mu."

"Inú ilé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò ní rìn jìnnà."

"Wọ́n á dúró. Dídúró burú ju rírìn lọ."

Kíákíá wo àga, ó wo bíríkì, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ tó burú jù. "Àǹtí, iṣẹ́ yìí ò dẹrùn, mo mọ̀. Tó bá ti rẹ ẹnikẹ́ni, kó sọ fún mi. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ pọ̀ níta."

Ẹ jẹ́ ká má parọ́ fúnra wa: ó ṣe é. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ le ju ọwọ́ rẹ̀ lọ yìí gbé ẹnu dákẹ́, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ ṣiṣẹ́ ibi. Ó fa awọ bo àwọn igi náà pẹ̀lú ìbínú débi pé Aránbàtà kígbe láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, "Àǹtí, ẹ rọra o! Awọ màlúù lẹ̀ ń fà yẹn, kì í ṣe awọ ọ̀gá." Gbogbo ilé iṣẹ́ rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń kan ìṣó ló ń sọ fún ọkàn rẹ̀ pé òun kọ́ lòun gba iṣẹ́, òun kọ́ lòun yan gíga, òun ò mọ àwọn ọmọbìnrin náà rí. Ọjọ́ kẹsàn-án pé, ọgọ́ta bàtà wọ páálí. Wọ́n rẹwà, ìyẹn ló tún ń bí i nínú. Wọ́n dúdú, wọ́n ń dán, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú, ẹni tó bá rí wọn á ní irú iṣẹ́ ọwọ́ wo rèé.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin sáré gun àtẹ̀gùn wá sílé ní ìrọ̀lẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ilẹ̀kùn ṣubú. Ó ti ń wá iṣẹ́ fún ọdún méjì. Ìgbà mẹ́rin ló ti sọ ibi tí wọ́n pè é sí fún ìyá rẹ̀ tí kò sì bọ́ sí i, ló bá pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí òun ò ní sọ̀rọ̀ fẹ́nìkan títí wọn yóò fi gba òun.

"Màámi, wọ́n gbà mí! Ilé ìtajà alájà mẹ́fà! Àjà kẹta ni wọ́n fi mí sí, níbi tí wọ́n ti ń ta lọ́fínńdà. Ẹ wò ó, wọ́n fún mi ní bàtà iṣẹ́!"

Ó ṣí páálí. Ìyá rẹ̀ ò ní láti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀ ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fi èékánná gbé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ibi gìgísẹ̀ sókè díẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ìlà méjì.

"Ṣé kò dára ni?"

"Ó dára."

Ó dára! Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè, ṣùgbọ́n ìyá yìí gan-an ni olè, ó sì tún yin ẹrù tó jí. Ó rí ẹ̀rín ọmọ náà, ẹ̀rín tí kò rí fún ọdún méjì, kò sì lágbára láti pa á. Ó ní lọ́la lòun máa sọ ọ́. Lọ́la dé, ọmọ náà ti jáde lọ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó ń ró kò-kò-kò lórí àtẹ̀gùn.

Òfin ilé ìtajà yẹn ò gba ẹ̀bẹ̀. Láàárọ̀, obìnrin kan máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀, á wọn gìgísẹ̀ bàtà wọn níkọ̀ọ̀kan. Onírúlà ni wọ́n ń pè é. Èyí tí kò bá tó íǹṣì mẹ́rin, ilé ló ń padà sí. Kò sí jíjókòó láti aago mẹ́jọ di aago márùn-ún, àfi ìgbà oúnjẹ. Bíbọ́ bàtà lẹ́yìn káńtà, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò. Ẹni tó bá tiro láàrin oṣù mẹ́ta yẹn, wọ́n á ní kò yá mọ́ra.

Ẹni tó bá ti gbẹ́ ẹsẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, etí rẹ̀ ń gbọ́ ẹsẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀-igi máa ń jókòó sí yàrá, á máa gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń gòkè bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìró náà já gaara. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ òsì ń pẹ́ kó tó balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí ìró kankan mọ́: ọmọ náà ń fi ẹsẹ̀ lásán gun àtẹ̀gùn, bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ kejì di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú. Ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó, ó ti dì mọ́ ìka kejì.

Ìyá rẹ̀ gbé omi gbígbóná oníyọ̀ kalẹ̀. Ó ń bínú. Ó bínú sí Kíákíá, ó bínú sí máníjà, ó bínú sí Onírúlà tó jẹ́ obìnrin bíi tiwọn, tó sì ń bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀. Ó bínú sí àtẹ̀gùn pé kí ló dé tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó bínú sí ìkòkò, ó gbé e kalẹ̀ gbàà. Ẹni kan ṣoṣo tí kò dárúkọ nínú gbogbo ariwo yẹn lẹ mọ̀.

"Ṣé bàtà tuntun máa ń ṣe báyìí ni, Màámi?" ọmọ náà béèrè. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa bàtà."

"Yóò rọ̀," ìyá rẹ̀ wí. Kò wo ojú ọmọ náà. "Awọ ni. Yóò rọ̀ tó bá yá."

Kò sí igi tí wọ́n gbẹ́ fún méjì tí yóò rọ̀ di ti mẹ́rin, kódà kí wọ́n wọ̀ ọ́ fún ogún ọdún. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì sọ pé yóò rọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà lọ́jà, ó rí orí ọmọ tó wọ́, ó sì ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ náà mú aṣọ tútù kan, ó fẹ́ nu ẹ̀jẹ̀ inú bàtà. Ẹ̀jẹ̀ náà ti wọ abẹ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó gbé awọ náà sókè kó lè nu abẹ́ rẹ̀. Ó dúró. Ó gbé bàtà náà súnmọ́ iná.

Ẹsẹ̀ igi tí ìyá rẹ̀ ń mú wálé láti ibi iṣẹ́ ni ọmọ yìí fi ṣeré ní kékeré. Òun ló máa ń pọ̀n wọ́n sẹ́yìn bí ọmọlangidi, tó máa ń fi ìka tẹ̀lé ìlà méjì abẹ́ wọn kó tó sùn. Ó mọ̀ wọ́n ju orúkọ ara rẹ̀ lọ.

"Màámi," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Ìlà ta nìyí?"

Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ. Ó ká èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó tú u, ó tún ká a.

"Ìlà ta ni, Màámi?"

"Ìlà mi ni."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

"Igi íǹṣì méjì ni wọ́n ní ká fi ṣe é. Mo bá wọn jà. Mo sọ fún ọ̀gá pé…"

"Ẹ mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyí?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí wọ́n tó ran awọ rẹ̀."

Ọmọ náà fi bàtà sílẹ̀. Ó rọra fi í sílẹ̀ ni o, kò jù ú. Ìyá rẹ̀ ìbá fẹ́ kó jù ú. "Mo bi yín léèrè nínú yàrá yìí. Mo ní ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí. Ẹ ní yóò rọ̀."

"Gbọ́ mi. Màá ṣe òmíràn fún ẹ." Ọ̀rọ̀ wá ń dà lẹ́nu ìyá báyìí. "Màá gbẹ́ igi tìrẹ lọ́tọ̀. Màá fi ìtìsẹ̀ tó nípọn tó íǹṣì kan àbọ̀ pamọ́ sábẹ́ ìka níwájú, kò ní hàn síta. Gìgísẹ̀ rẹ̀ á pé íǹṣì mẹ́rin lójú Onírúlà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ ò ní mọ̀ ju méjì àbọ̀ lọ. Màá tẹ́ ibi gìgísẹ̀ kó lè jókòó dáadáa, màá tẹ irin bá kòtò ẹsẹ̀ rẹ mu. Ọ̀sẹ̀ kan péré. Jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n."

"Fún èmi nìkan?"

Ìyá ti ń wá bébà.

"Àwa ọgọ́ta ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lóyún oṣù márùn-ún, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló máa ń lọ kó lè bọ́ bàtà sunkún. Ṣé kí n máa dúró tì í nínú bàtà gidi? Tó bá bi mí pé ta ló ṣe tèmi, kí n ní ìyá mi ni? Tó bá wá bi mí pé ta ló ṣe tòun ńkọ́?"

Ìyá na ọwọ́, ó fẹ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ọmọ náà fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí lẹ́sẹ̀."

Ìdílé yìí ti jà rí, wọ́n ti pariwo rí, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì jáde nínú ilé náà rí. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ náà ló ń di ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò dì í dáadáa. Ìyá rẹ̀ jókòó lódìkejì yàrá, ó ń wò ó, kò sì lẹ́nu láti sọ pé kò dì í dáadáa.

Lọ́jọ́ Ajé, Kíákíá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ijó wọlé. "Àǹtí! Ẹ ò gbọ́? Ilé ìtajà yẹn tún fẹ́ ọgọ́fà sí i, fún àwọn ẹ̀ka wọn yòókù! Wọ́n ní bàtà wa rẹwà. Igi kan náà, gíga kan náà, kíákíá." Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ rí i báyìí? Mo ní ta ló máa mọ̀?"

Ẹlẹ́sẹ̀-igi dìde. Ó lọ sí ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, ó gbọn àpò méjì tó wà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn ẹsẹ̀ igi kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó ń kó wọn sápò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń ró gbọ̀, gbọ̀. Aránbàtà pa maṣíìnì.

"Àǹtí, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?" Kíákíá béèrè.

"Mò ń kó ẹrù mi."

"Ẹrù yín báwo? Ẹrù ilé iṣẹ́ nìyẹn!"

Ó mú ọ̀kan, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbé ìlà méjì sí Kíákíá níwájú. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yìí ti di ọ̀gá, "ẹ" ló fi ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló máa ń nu imú rẹ̀ ní kékeré. Lọ́jọ́ yẹn, "ẹ" tán lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá rẹ sọ ọ́ lójú rẹ. O ń jẹ gúgúrú. Ṣé gúgúrú yẹn dí ẹ létí ni?"

"Ìyẹn ti pẹ́. Ta ló gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ," Aránbàtà wí láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kò yí ojú padà, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ sókè. "Mo wà níbẹ̀."

Kíákíá rí i pé ọ̀rọ̀ ti di méjì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká fi sùúrù sọ ọ́. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà."

"Gbogbo baba tó dáa nílé iṣẹ́ yìí ti kú." Ó so ẹnu àpò. "Awọ ni tìẹ. Maṣíìnì ni tìẹ. Ìṣó ni tìẹ, ẹnu dídùn ni tìẹ. Ẹsẹ̀ ni tèmi. Máa lọ wá ẹsẹ̀ tí wàá mọ ọgọ́fà bàtà lé."

Ìrìn tó máa ń gbà á ní ogún ìṣẹ́jú gbà á ní wákàtí kan ààbọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé àpò kan sórí, ó ń wọ́ èkejì nílẹ̀, igi ń gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù ní, "Ìyá, igi ìdáná ni?" Ó dá a lóhùn pé, "Ẹsẹ̀ ènìyàn ni." Ọkùnrin náà ò bi í ní ohunkóhun mọ́, ó kó káàdì rẹ̀, ó kọjá sódìkejì.

Nígbà tó délé, ìbínú náà rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rù sì gba àyè rẹ̀. Kò níṣẹ́ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta tó ní àpò igi méjì. Bí ilé ìtajà bá lé ọmọ náà lọ́la, kí ni wọn ó jẹ? Ó rántí pé òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Ó wo àwọn àpò náà, ó ronú pé bóyá kí òun kó wọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn náà ó rí bàtà aṣọ tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, tó ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí kò lè ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ tán mọ́, inú sì tún bí i, ara rẹ̀ wá balẹ̀. Ó tẹ́ bébà ńlá aláwọ̀ ilẹ̀ sáàrin yàrá. Kò mọ ẹni tó tẹ́ ẹ fún. Ó kàn fẹ́ kí nǹkan iṣẹ́ wà nílẹ̀ ni.

Ní aago mẹ́fà kọjá, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lásán lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ náà wọlé, bàtà lọ́wọ́. Ó rí àpò méjì. Ẹnu ọ̀kan ti tú, ẹsẹ̀ igi kan yọ àtàǹpàkò síta. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo àpò.

"Gbogbo rẹ̀ lẹ kó wá?"

"Méjìdínlógójì."

"Kí ni ọ̀gá yín máa wá fi ṣiṣẹ́?"

"Kó gbẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀."

Ẹnu ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ó fi bàtà gogoro náà sí ẹ̀bá ògiri. Ó tiro dé àárín yàrá, ó sì gun orí bébà náà, ẹsẹ̀ méjèèjì, ó dúró gbọnyingbọnyin. Ẹsẹ̀ náà pupa, ó wú dé kókósẹ̀.

"Ó ti wú dáadáa báyìí," ó wí. "Ṣé ìgbà tí ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n kọ́ nìyí?"

Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀. Ó wá pẹ́ńsùlù, ó wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Ó mú ẹsẹ̀ náà, ẹsẹ̀ náà gbóná lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ náà ò sì fà á sẹ́yìn.

"Inú ṣì ń bí mi sí yín," ọmọ náà wí láti òkè.

"Kó máa bí ẹ."

"Mi ò ní wọ tèmi ṣáájú wọn. Ẹ máa ṣe tiwọn."

"Ìwọ ni mo kọ́kọ́ wọ̀n, ìwọ lo máa wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Má mira."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti gìgísẹ̀. Ó ti yípo ẹsẹ̀ òsì dé ọmọńdinrín tó bó yẹn, ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ kó lè ní àyè, nígbà tí ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn.

"Àǹtí! Àǹtí mi, èmi ni o." Kíákíá ni. Èémí rẹ̀ ò délẹ̀, àtẹ̀gùn ilé náà pọ̀. "Ẹ dákun, mo ti lọ yíká, kò sẹ́ni tó ní ẹsẹ̀ igi. Oṣù kan tẹ́ ẹ ní yẹn, mo gbà. Ẹ ṣílẹ̀kùn ká jọ sọ̀rọ̀."

Ẹlẹ́sẹ̀-igi ò gbé orí sókè. "Dúró ná. Ẹsẹ̀ là ń wọ̀n."

"Kò burú, kò burú. Ṣé kí n jókòó sórí àtẹ̀gùn níbí?"

"Má jókòó o," obìnrin náà wí, ó sì ń fa pẹ́ńsùlù lọ jẹ́jẹ́ yípo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. "Òòró ni kó o dúró."